Ẹ̀rín Lórí Gbèsè Tẹ́tẹ́

Ọdún 1998 ni Guy Ritchie gbé fíìmù Lock, Stock and Two Smoking Barrels jáde. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rẹ́ mẹ́rin da owó jọ kí Eddy fi ta káàdì. Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ, ó sì dìde pẹ̀lú gbèsè ìdajì mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá, ìka ọwọ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọn yóò máa gé. Olè wá ń ja olè lólè. Òǹwòran nìkan ló rí bí gbogbo okùn ìtàn náà ṣe so kọ́ra, ìdí nìyẹn tó fi ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òkú sùn bẹẹrẹ kí gbèsè náà tó parẹ́. Yorùbá ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ní ìparí, Tom rọ̀ dirodiro lórí afárá, fóònù ń dún lẹ́nu rẹ̀: ojúkòkòrò kò tíì tán.