Fọ́tò Tó Láàyè Ọ̀rọ̀

Nínú àpótí fọ́tò ìdílé, a kì í wá ìyàwó tuntun tì, a kì í wá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè tì, bẹ́ẹ̀ ni a kì í wá ẹbí tó wọ aṣọ kan náà níbi ìsìnkú àgbà tì. Orúkọ wọn ló máa ń ṣọ̀wọ́n.

Ọ̀wọ̀ wà lára ohun tó fà á. Ọmọ kì í pe àgbà lórúkọ, nítorí náà “Màmá Ìbàdàn” tàbí “Bàbá Àgbà” ni wọ́n ń kọ sẹ́yìn fọ́tò. Gbogbo ilé ló mọ ẹni náà nígbà yẹn. Ọmọ-ọmọ tí wọ́n bí sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀rọ̀ sára fọ́tò, kì í ṣe èyí tó dán jù ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣà, bí kò ṣe èyí tó ku àgbà kan péré tó lè sọ àwọn tó wà níbẹ̀. Kó jẹ́ kí “Màmá Ìbàdàn” wà, kó sì kọ orúkọ àbísọ wọn tì í.

Àwọn fọ́tò kan wà tí ojú lásán kò lè kà. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé lórí iṣẹ́ fọ́tò láàárín Yorùbá ní 1978, ṣàlàyé ohun tó rí ní Ìlá Ọ̀ràngún: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò, ayafọ́tò a ya èyí tó kù, a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ jókòó. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì jẹ́ obìnrin, wọn a pààrọ̀ aṣọ fún ọmọ náà, wọn a sì tún un yà. Láìsí ọ̀rọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ta ni yóò mọ̀ pé ọmọ kan ṣoṣo ni? “Kẹ́hìndé nìkan la yà, Táyé ti lọ.” Ó tó bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan sójú ògidì fọ́tò. Kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kó fi fóònù yà á láìtan iná, kó wá kọ ọ̀rọ̀ sórí ẹ̀dà yẹn. Bírò a máa ti ẹ̀yìn yọ sójú. Pẹ́ńsù tó rọ̀ ló yẹ ẹ̀yìn fọ́tò àtijọ́, létí létí. Bó bá ń gé ẹ̀dà náà, kó má gé ojú ọ̀run tàbí ògiri funfun dànù, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò jókòó sí. Àdìrẹ àti ańkárá a máa gbé lẹ́tà mì.

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà inú fóònù tó dà bí ìkọ̀wé ọwọ́ kò ní ẹ, ọ àti ṣ, ká má tíì sọ àmì ohùn. Fóònù a yá lẹ́tà mìíràn sáàárín orúkọ, ìrísí rẹ̀ a sì dàrú. Ó sàn kí wọ́n fọwọ́ kọ orúkọ náà sórí ìwé funfun, kí wọ́n yà á, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ fọ́tò náà. Bí àgbà tó mọ orúkọ wọ̀nyẹn bá ṣì lè kọ̀wé, òun gan-an ni kí wọ́n gbé bírò lé lọ́wọ́.