Ẹ́ńjìnnì Lọ́rí Nínú Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́

Mo mọ̀ pé bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ mi yìí tán, àwọn kan nínú yín yóò pè mí ní aláìnírònú. N kò ní bá wọn jiyàn. Owó àjọ ni mo kó, mo sì fi ra ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì.

Ọmọ onílọ́rí ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá mi wa Mercedes 911 fún ọdún mẹ́tàdínlógún, iṣu ni ó ń kó láti Ṣakí wá sí Ìbàdàn. Bí ó bá ń bọ̀ wálé lálẹ́, a ó ti gbọ́ ìró ọkọ̀ náà kí ó tó yọ sí àdúgbò wa, ìyá wa yóò sì ti gbé omi ọkà ka iná. Ní ọdún 2006, nígbà tí wọ́n gbà mí sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, bàbá ta lọ́rí náà. Kò fi lọ ẹnikẹ́ni kí ó tó tà á.

Mo jáde, mo di tíṣà ìṣirò, mo sì kọ́ni fún ọdún mẹ́sàn-án kí èmi àti ìyàwó mi tó wá sí Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ní 2019. Ìwé-ẹ̀rí mi kò tó níbí. Olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ ni wọ́n fi mí ṣe. Ẹni tí àwọn ọmọ ń dìde kí nílé ni ó ń bá wọn pín ìwé kiri níbí.

Ọkùnrin ará Mẹ́síkò kan wà ní òpópónà wa tí ń tún ọkọ̀ ṣe ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti rí Chevrolet Chevelle ti 1970, ara lásán, inú bónẹ́ẹ̀tì ṣófo bí ikòkò tí a ti jẹ ọbẹ̀ inú rẹ̀ tán. Irú ọkọ̀ yìí ní ìtàn. Ní 1964 ni ilé-iṣẹ́ Pontiac gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá sínú èyí tí ó kéré sí i, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní GTO, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń dù ú. Àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù kò jókòó. Ní 1970, èyí tí ó lágbára jùlọ nínú Chevelle ní agbára ẹṣin 450. Kò pẹ́ tí owó ìbánigbófò àti òfin èéfín fi ká wọn lọ́wọ́ kò, ọ̀wọ́n epo 1973 sì bá wọn parí rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ irú ọkọ̀ yìí, ẹ́ńjìnnì epo bẹntiróòlù ni yóò fi sí i. Èmi kọ̀. Dísù ni mo fẹ́. Ìró lọ́rí bàbá mi ni mo fẹ́ gbọ́, kí n má parọ́ fún yín. A rí Cummins onílítà 3.9 nínú ọkọ̀ akóbúrẹ́dì àtijọ́ kan, sìlíńdà mẹ́rin, ó wúwo tó kílò 340, agbára rẹ̀ kò sì ju ti ẹṣin 105 lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ́ńjìnnì dísù kì í sáré yípo. Jẹ́jẹ́ ni ó ń fà, bí màlúù. Ìdí nìyí tí a fi pààrọ̀ jíà ẹ̀yìn, àìṣe bẹ́ẹ̀, èémí ọkọ̀ náà ìbá ti tán kí ó tó bá àwọn yòókù lọ ní títì márosẹ̀. A fi sípíríǹgì líle sí iwájú. A gé irin, a jó irin. (Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má rò pé èrè wà níbẹ̀: dísù wọ́n ju bẹntiróòlù lọ níbí, bí ọkọ̀ náà tilẹ̀ ń fi díẹ̀ rìn jìnnà.)

Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà dọ́là ni owó àjọ náà. Owó ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ìyàwó mi ni, oṣù kẹjọ 2023 ni ó sì yẹ kí a san án. Mo ń wí fún un pé àjọ kò tíì kàn mí.

Ọjọ́ tí a fẹ́ jí ẹ́ńjìnnì náà, ó kọ̀ jálẹ̀. Mo tẹ bàbá láago. Ó ní kí n gbé fóònù sún mọ́ ọn. Ó gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Afẹ́fẹ́ wà lójú ọ̀nà epo. Tú nọ́ọ̀tì orí páìpù tí ń gbé epo wọ inú rẹ̀, kí o máa jí i títí epo yóò fi tú jáde, kí o wá dè é padà." Bí ó ti wí ni a ṣe. Ẹ́ńjìnnì náà kọ, ó gbọn gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Bàbá kò sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ó bèèrè pé, "Bíréèkì ńkọ́? Tèmi, afẹ́fẹ́ inú táǹkì ni ó ń ràn án lọ́wọ́. Kí ni ó ń ran tìrẹ lọ́wọ́?"

Mo ní, "Ó dára, bàbá." Inú mi ti dùn jù.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ará Mẹ́síkò kò sí nílé, mo gbé ọmọbìnrin mi ọmọ ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, mo wà á jáde. Bíréèkì le lẹ́sẹ̀ mi láti ẹnu ọ̀nà wá, mo ní ìpata ni. Nígbà tí a dé oríta, mo tẹ̀ ẹ́, àfi bí ẹni tẹ òkúta. Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì dìde dúró lé e. Ọkọ̀ náà rọra ń lọ bí ẹni tí kò gbọ́, àárín oríta gan-an ni ó dúró sí. Ọkọ̀ akólẹ̀ ńlá kan yà fún wa, kò ju apá kan lọ tí ó fi kù kí ó kan ilẹ̀kùn ọmọ mi.

Ọmọ náà ní, "Dádì, ẹ kò rí àmì pupa yẹn ni?"

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù a máa fa afẹ́fẹ́ gba ẹnu tóóró, fífà yẹn ni ó sì ń ran bíréèkì lọ́wọ́. Dísù kò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Pọ́ǹpù ọ̀tọ̀ ni a gbọ́dọ̀ fi sí i láti máa fa afẹ́fẹ́ náà. Ohun tí bàbá bèèrè láti Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an nìyẹn.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi, ti oríta àti ti owó. Ti oríta ni mo rò pé yóò bí i nínú jù. Ó gbọ́ ọ tán, ó bèèrè pé, "Láti oṣù wo ni àjọ ti kàn ọ́?" Mo ní oṣù kẹta ni. Ó na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó jù ú sínú báàgì rẹ̀. Kò bá mi jà. Ìbá sàn kí ó bá mi jà.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé kan ní ìṣirò lálẹ́, mo ń kó ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí ní Sátidé, ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ náà ní oṣù kìn-ín-ní 2024. Pọ́ǹpù ti wà ní ìdí ẹ́ńjìnnì náà tipẹ́ nígbà náà. N kò tíì lè sọ ti oríta fún bàbá. Bí ó bá bèèrè ọkọ̀, mo ń gbé fóònù sún mọ́ ọn kí ó gbọ́.

Ọjọ́ tí ìyàwó mi yege ìdánwò àkọ́kọ́, ó yọ kọ́kọ́rọ́ jáde, ó jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní kí n má tíì lọ, kí n kọ́kọ́ tẹ bíréèkì kí òun rí i.