Kí ló dá Ajásin dúró sí Ọ̀wọ̀?

Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Àkúrẹ́, tó kọjá Ùṣó àti Èmùrè-Ilé, kò ní í pẹ́ débi tí ọ̀nà ti pín ní Ọ̀wọ̀. Ọ̀kan forí lé Ìkárẹ́, èkejì gba Ìfọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ kọjá lọ sí Bìní. Ọ̀pọ̀ èrò kì í ju kí wọ́n ra nǹkan pa ebi níbẹ̀, kí dẹ́rẹ́bà sì tún tẹná mọ́tò. Wọn kì í dúró wo ààfin Ọlọ́wọ̀ tí àgbàlá inú rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, tàbí mùsíọ́mù tí wọ́n ṣí lọ́dún 1968. Ọ̀wọ̀ jẹ́ ìlú tí èèyàn ń gbà kọjá. Àwọn ọmọ tó mọ̀wé níbẹ̀ náà, Èkó àti Ìbàdàn ni ojú wọn máa ń wà.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin máa ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ọkùnrin náà ní ìwé tó lè gbé e lọ sí ibikíbi, ó sì lọ jìnnà lóòótọ́, àmọ́ ó padà wá jókòó síbẹ̀.

Ọ̀wọ̀ ni wọ́n bí i sí, lọ́jọ́ 28, oṣù kọkànlá, ọdún 1908. Ó kọ́ṣẹ́ tíṣà ní St Andrew's, Ọ̀yọ́, láàárín 1924 sí 1927. Lọ́dún 1943, ó gba Fourah Bay ní Sàró lọ, ó gba dìgírì lọ́dún 1946, ó tún kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù lọ gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ni. Ẹ má gbàgbé pé kò tíì sí Yunifásítì Ìbàdàn nígbà yẹn, ọdún 1948 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ẹni tó ní dìgírì láyé ìgbà náà, kò sí ọ́fíìsì tí kò lè wọ̀. Kí ni Ajásin ṣe? Oṣù kẹsàn-án ọdún 1947 ló di pírínsípà Imade College, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ nílé, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló sì lò níbẹ̀.

Kì í ṣe pé kò rọ́nà lọ o. Ọ̀wọ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ní gbangba, lọ́jọ́ 28, oṣù kẹrin, ọdún 1951, Ajásin sì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Òun ló kọ ìwé tí ẹgbẹ́ náà gbé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ kà, èyí tó di ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn lọ́dún 1955. Láti 1954, ó ti ń lọ jókòó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ékòó, síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ó máa kó ẹrù ni, ọdún 1962 ló yẹ kó kó o. Ìjà ti tú ẹgbẹ́ ká lọ́dún náà, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá, ó kúrò ní Imade. Ibo ló lọ? Kò jáde kúrò nílùú. Nígbà tí ọdún 1963 wọlé, ó ti dá Owo High School sílẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ kan náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe pírínsípà rẹ̀ títí di 1975.

Wọ́n máa ń sọ pé ọ̀run ni èrè tíṣà wà. Ẹni tó bá wo ibi tí Ọ̀wọ̀ wà dáadáa á rí i pé èrè náà kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá ti ìgbèríko Ìfọ́n tàbí Ìdóàní jáde, tó ń wá ìwé kiri, Ọ̀wọ̀ ló máa kọ́kọ́ bá lọ́nà. Bí kò bá rí ẹni tó mọ̀wé níbẹ̀, àfi kó padà sóko, torí agbára baba rẹ̀ lè má gbé e dé Ìbàdàn. Pírínsípà tó bá sì pẹ́ níbì kan á kọ́ ẹ̀gbọ́n, á kọ́ àbúrò, á mọ baba tí kò rówó san àti ìyá tó ń ta iṣu kó lè san án. Ẹni tó ń sún kiri láti ìlú kan sí òmíràn kò lè mọ̀ ọ́n.

Ẹni àádọ́rin ọdún ni nígbà tó di gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ́dún 1979. Nígbà ìjọba rẹ̀ ni yunifásítì ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1982. Àwọn ṣọ́jà gbàjọba ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 1983, wọ́n tì í mọ́lé, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ kò sì rí ẹ̀sùn kankan tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ibo ló tún gbà lọ? Ọ̀wọ̀ náà ni. Ó kú lọ́jọ́ 3, oṣù kẹwàá, ọdún 1997, orúkọ rẹ̀ sì ni yunifásítì tó wà l'Ákùngbá ń jẹ́ lónìí.

Dídúró ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ ti wá le ju ti ayé Ajásin lọ. Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹfà, ọdún 2022, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì St Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n pa bí ogójì èèyàn. Àwọn ajínigbé náà ti da ojú ọ̀nà Ìfọ́n rú. Tíṣà tí wọ́n bá gbé lọ sí abúlé ní Ọ̀sẹ̀ báyìí, tó sì ń wá bó ṣe máa padà sí Àkúrẹ́, ta ló máa bá a wí? Ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì wà tí wọn kò lọ, tí wọ́n ń mú ṣọ́ọ̀kì lójoojúmọ́. Kò sẹ́ni tó máa fi orúkọ wọn sọ yunifásítì. Ọmọ tó jókòó níwájú wọn nìkan ló mọ ohun tí wọ́n ṣe fún un.