Ọkọ̀ Tí Kò Fò Rí Dá Ìjà Sílẹ̀

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin òǹkàwé. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé àwọn àgbàlagbà tó níyàwó, tó lọ́mọ, ń bínú síra wọn nítorí ọkọ̀ kan tí kò fò rí, tí kò sì lè fò láéláé, ṣé ẹ máa gbà? Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í ṣe àlọ́ o. Enterprise ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà, inú eré tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Star Trek ló sì wà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn olólùfẹ́ eré yìí ti pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ní bí ọkọ̀ náà ṣe rí lọ́dún 1966 ni kó wà títí ayé. Àwọn kejì ní rárá o, aṣọ àná kò ṣeé wọ lọ sí òde òní. Ẹnu ò sì kò.

Ẹni tí kò wo eré náà rí lè fẹ́ rẹ́rìn-ín. Kó má tíì rẹ́rìn-ín o. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Gene Roddenberry ló dá eré náà sílẹ̀. Ọjọ́ 8 oṣù September, ọdún 1966 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn NBC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní Amẹ́ríkà. Ìtàn àwọn ènìyàn tó máa wà láyé ní nǹkan bí ọdún 300 sí ìgbà náà ni, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú sánmà rìn káàkiri láàárín àwọn ìràwọ̀. Kirk ni ọ̀gá ọkọ̀, Spock tí etí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó sì ni igbá kejì rẹ̀. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Nichelle Nichols, ló ṣe Uhura, ẹni tó ń gba ìròyìn tó sì ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ nínú ọkọ̀. Nígbà tí obìnrin yìí fẹ́ fi eré náà sílẹ̀, Martin Luther King fúnra rẹ̀ ló rọ̀ ọ́ pé kó má lọ. Nítorí náà, lójú àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, kì í ṣe eré ọmọdé rárá.

Ta ló wá ya ọkọ̀ náà? Matt Jefferies ni. Ọkùnrin yìí mọ bàálù dunjú. Ó ti wà nínú bàálù ajubọ́ǹbù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì ní bàálù tirẹ̀ lẹ́yìn ogun. Roddenberry ti kìlọ̀ fún un pé òun ò fẹ́ ìyẹ́, òun ò sì fẹ́ iná tó ń yọ lẹ́yìn bíi ti rọ́kẹ́ẹ̀tì. Jefferies bá jókòó, ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ó ní ẹ́ńjìnnì tó bá lágbára tó báyìí á léwu, kò yẹ kó wà nítòsí ibi tí ènìyàn ń gbé. Ìdí rèé tó fi gbé àgbá ẹ́ńjìnnì méjì sórí apá gígùn, tó mú wọn jìnnà sí ibi tó rí pẹrẹsẹ bí àwo, níbi tí àwọn èrò ọkọ̀ wà. Ó ní kí ara ọkọ̀ máa dán, torí pé ta ló fẹ́ jáde lọ sínú òfurufú láti lọ tún ẹ̀rọ ṣe? Inú ni kí wọ́n ti máa tún un ṣe. Nọ́ńbà NCC-1701 tó wà lára rẹ̀ ńkọ́? Ara nọ́ńbà àwọn bàálù Amẹ́ríkà àtijọ́, tí wọ́n máa ń fi NC ṣáájú, ló ti fà á yọ. Ẹ ò rí i pé kò sí ohun tó kàn ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló nídìí.

Ibí yìí ni àwọn tó ní kí wọ́n má yí i padà ti rí ẹsẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ lé. Wọ́n ní nǹkan tí wọ́n fi làákàyè kọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ìfẹ́ inú tirẹ̀ tú u.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Ṣé ọkọ̀ ọ̀hún tiẹ̀ dúró lójú kan rí? Àwòṣe ńlá tí wọ́n fi ya fíìmù náà, tí wọ́n kàn lọ́dún 1964, gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 11. Apá òsì rẹ̀ ni wáyà iná ń gbà wọlé, wọn ò sì parí iṣẹ́ síbẹ̀. Apá ọ̀tún nìkan ni wọ́n ń fi han kámẹ́rà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń dán eré náà wò, irin ṣóńṣó wà ní iwájú àgbá ẹ́ńjìnnì méjèèjì. Nígbà tó yá, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi iná tó ń yí bìrìbìrì sí i. Owó ò sì pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ni wọ́n bá ń lo fíìmù àtijọ́ mọ́ tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ kan náà, nínú ìtàn kan náà, á yọ irin ṣóńṣó nísinsìnyí, tó bá di ìṣẹ́jú díẹ̀, irin ti dàwátì! Àwọn tó ń bú àwọn ayàwòrán òde òní kì í fẹ́ rántí èyí.

Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀rọ̀ àyà ni lẹ́tà. Bẹ́ẹ̀ ni o, lẹ́tà. Nígbà tí ìròyìn tàn pé NBC fẹ́ pa eré náà, Bjo Trimble àti ọkọ rẹ̀, John, ké sí àwọn òǹwòran pé kí wọ́n kọ̀wé. Àwọn ènìyàn kọ̀wé, ìwé ń ya wọlé bí òjò. Lọ́dún 1968, NBC kéde pé eré náà á máa bá a lọ. Ọdún kan péré ló tún lò lẹ́yìn ìyẹn, tí wọ́n fi dá a dúró lọ́dún 1969, lẹ́yìn apá 79. Àwọn tó ni ín ti jù ú nù. Àwọn òǹwòran ni kò jù ú nù. Bí wọ́n ṣe ń tún un fi hàn láti ìlú dé ìlú ni ìfẹ́ rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Lọ́dún 1975, Franz Joseph, oníṣẹ́ yíya àwòrán ẹ̀rọ tó ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ bàálù, tẹ ìwé kan jáde tó ya àwòrán ọkọ̀ náà àti irinṣẹ́ inú rẹ̀ bí ẹni pé ọkọ̀ gidi ni. Lọ́dún 1976, wọ́n tún kọ lẹ́tà sí Ààrẹ Gerald Ford, títí tí ìjọba fi sọ ọkọ̀ òfurufú àkọ́kọ́ nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní space shuttle ní Enterprise. Constitution ni wọ́n ti fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ o! Ẹ wo iṣẹ́ tí bébà àti bírò ṣe.

Àbí ẹ rí i báyìí pé àwọn ènìyàn yìí kì í ṣe òǹwòran lásán? Ẹni tó bá ni tọ́jú ọmọ nígbà tí a ta á nù, yóò ní ọ̀rọ̀ láti sọ nígbà tí a bá fẹ́ yí orúkọ ọmọ náà padà.

Lọ́dún 1979, eré náà di sinimá ńlá. Ọkọ̀ ti yí padà pátápátá, àgbá ẹ́ńjìnnì ti di pẹlẹbẹ, apá rẹ̀ ti tẹ̀ sẹ́yìn. Ǹjẹ́ ìjà ńlá ṣẹlẹ̀? Rárá. Kí ló dé? Nítorí pé inú ìtàn náà gan-an ni wọ́n ti sọ pé oṣù 18 ni wọ́n fi tún ọkọ̀ náà ṣe, pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọkọ̀ tuntun. Àwọn ènìyàn gbọ́, wọ́n ní kò burú. Ẹ wá wo àwọn ọ̀tá wọn tí wọ́n ń pè ní Klingon nínú sinimá kan náà. Iwájú orí wọn tó ń dán tẹ́lẹ̀ ti di gbágungbàgun bí òkúta, ẹnikẹ́ni ò sọ ìdí ẹ̀. Ọdún 2005 ni eré kan tó wà nínú ẹbí Star Trek tó wá sọ pé àìsàn kan ló fà á. Ọdún 26 gbáko ni àwọn ènìyàn fi ń jiyàn!

Òfin tí wọ́n ṣe fúnra wọn pàápàá, wọn ò pa á mọ́. Ọ̀rọ̀ tó tàn kálẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Roddenberry ni pé méjì-méjì ni ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jẹ́. Ó dáa. Lọ́dún 1994, níparí eré mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1987, Enterprise yọ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì mẹ́ta. Nínú sinimá ọdún 2009, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Kelvin yọ pẹ̀lú ẹyọ kan ṣoṣo. Sinimá yìí kan náà ló sọ pé ọ̀tá kan ti ọjọ́ iwájú wá, ó sì yí ìtàn ayé padà, nítorí náà Enterprise ibẹ̀ kì í ṣe ti àtijọ́. Èyí ì bá pẹ̀tù sí ọ̀rọ̀, àfi gígùn ọkọ̀. Èyí àtijọ́ gùn tó mítà 289. Àwọn tó ṣe tuntun ní tiwọn lé ní mítà 700. Àwọn òǹwòran bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka fèrèsé, wọ́n ń wọn ilẹ̀kùn, àwọn kan sì ní irọ́ ni, kò tó bẹ́ẹ̀ rárá, ìdajì ẹ̀ ni.

Ọdún 2017 ni àkàrà tú sépo. Eré tuntun kan, Discovery, bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní nǹkan bí ọdún 10 kí Kirk tó di ọ̀gá ọkọ̀ ni ìtàn náà ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, àwòrán onímọ́lẹ̀ ń fò káàkiri nínú ọkọ̀ wọn, nígbà tí Kirk tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń tẹ bọ́tìnì. Ní February 2018, Enterprise fúnra rẹ̀ yọ, kò sì rí bíi ti 1966. John Eaves, ọ̀kan lára àwọn tó yà á, ní nítorí òfin ni wọ́n fi ní láti yí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ padà. Ilé iṣẹ́ CBS jáde, wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn lẹ́tọ̀ọ́ sí ọkọ̀ àtijọ́, ọgbọ́n iṣẹ́ làwọn fi yí i. Ọ̀rọ̀ yẹn tún wá da epo síná.

"Báwo ni mọ́tò bàbá ṣe máa jẹ́ tuntun ju tọmọ lọ?" Ìbéèrè àwọn tìhín nìyẹn. Wọ́n tún ní lọ́dún 1996, eré Deep Space Nine mú àwọn èèyàn rẹ̀ padà lọ sínú ọkọ̀ Kirk, bó ṣe rí gan-an ni wọ́n ṣe é, kò sí ohun tó ṣe é.

Àwọn tọ̀hún ní pákó tí wọ́n kùn lọ́dà àti gílóòbù iná ni ọkọ̀ ọdún 1966. Tẹlifíṣàn kékeré ìgbà yẹn bo àṣírí rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e sórí tẹlifíṣàn gbàràmù òde òní, àwọn ọmọ ìsinsìnyí á rẹ́rìn-ín pa ara wọn. Wọ́n ní ẹni tó ṣe ọba nínú eré lánàá lè dé adé mìíràn lónìí, ọba náà ni.

Òótọ́ wà lẹ́nu tọ̀tún-tòsì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe aṣọ tuntun ló ń dun àwọn ènìyàn. Ohun tó ń dùn wọ́n ni kí wọ́n pààrọ̀ aṣọ tán, kí wọ́n ní kò sí ohun tó yí padà. Ìyẹn ni pé kí òǹwòran gbà pé ojú òun ló ṣì í rí. Ẹni tó bá bàbá rẹ̀ jókòó wo ọkọ̀ yẹn, tí bàbá ọ̀hún ti kú, kò ní gbà bẹ́ẹ̀ wẹ́rẹ́. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn ni àwọn ènìyàn ń dáàbò bò.

Síbẹ̀, ìfẹ́ kì í ṣe ìwé àṣẹ láti máa bú òṣìṣẹ́. Ẹni tó jókòó ya ọkọ̀ tuntun, iṣẹ́ ló ń ṣe, ọ̀pọ̀ wọn sì fẹ́ràn eré náà tó àwọn tó ń bú wọn.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington ti fi ọ̀nà hàn. Láti ọdún 1974 ni àwòṣe ẹsẹ̀ bàtà 11 yẹn ti wà lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún un ṣe fún àjọ̀dún 50 ọdún lọ́dún 2016, wọ́n ní kí àwọn aráàlú tó bá ní fọ́tò àtijọ́ rẹ̀ mú un wá. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti yí i padà. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n mú ìgbà kan, wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ fáyé gbọ́: bó ṣe rí ní August 1967. Wọn ò parọ́ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà látọjọ́ aláyé ti dáyé.

Ó yẹ kí àwọn tó ni ìtàn ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n yí ọkọ̀ padà bó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́wọ́ pé àwọn yí i. Ẹ̀yin òǹkàwé ńkọ́, bó bá jẹ́ yín ni, ta lẹ máa dá láre?