Òrí Ní Ilẹ̀ Kika

Ẹni tó bá rin ilẹ̀ Kika, ní àgbègbè Tchaourou, kò ní ṣàì rí igi òrí, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní karité, láàárín oko. Àgbẹ̀ tó ń ṣán oko iṣu a máa dá a sí. Bí èso rẹ̀ bá ń já bọ́ lásìkò òjò, àwọn obìnrin a jí lọ ṣà á ní kùtùkùtù. Wọn a sè é, wọn a sá a, wọn a fọ́ ọ, wọn a yan án, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sì fi omi pò ó títí ọ̀rá yóò fi léfòó.

Òun ni ìyá fi ń pa orí ọmọ kí ó tó dirun fún un (orí àti òrí, ohùn nìkan ló yà wọ́n). Wọ́n ní ó ń mú irun hù. Ṣùgbọ́n inú awọ orí ni irun ti ń hù, bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lóṣù. Òrí kò lè mú un yára. Ó ń dá omi dúró nínú irun ni, kí ọ̀yẹ́ má baà gbẹ ẹ́ débi tí yóò fi máa ṣẹ́. Irun tí kò ṣẹ́ ni à ń rí pé ó gùn. Lójú tèmi, iṣẹ́ yẹn tó.

Àwọn tó ń sun èédú ní Tchaourou kì í yọ igi òrí sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ó tó ọdún 15, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ọ̀kan tó so. Ọmọbìnrin tí a bí lọ́dún tí a gbin òmíràn dípò rẹ̀ yóò ti máa dirun fúnra rẹ̀ kí igi náà tó so.