Bí Kò Bá Nídìí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Nígbà tí àbúrò mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dákú lemọ́lemọ́, oníkálukú ni ó ń sọ ti ẹnu rẹ̀. Àwọn kan ní wárápá ni. Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ ayé ni. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ ní àìjẹun kánú ni.

Àrùn lupus wà lára rẹ̀. Nínú àrùn yìí, àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ara a máa dojú ìjà kọ ara tí ó yẹ kí wọ́n máa dáàbò bò.

Dókítà wọ̀n ọ́n bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń fúnpá nígbà tí ó dùbúlẹ̀. Ó ní kí ó dìde, ó sì tún un wọ̀n láàárín ìṣẹ́jú 3. Iye òkè ti fi ju 20 lọ wálẹ̀. Ó ní èyí fi hàn pé bí ó bá ti nàró, ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí ọpọlọ kì í tó. Ó ní lupus lè dín ẹ̀jẹ̀ kù lára, ó lè da lílù ọkàn rú, ó lè mú omi yí ọkàn ká, ó sì lè ba àwọn iṣan tí ń darí ọkàn jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé, "Ṣé o ń lo prednisolone rẹ déédéé?"

Àbúrò mi wò mí, kò fọhùn. Mo jẹ́wọ́. Oògùn náà mú kí ojú rẹ̀ wú, àwọn ènìyàn sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo ní kí ó pa á tì.

Dókítà mi orí. Ó ní ẹ̀yà ara kékeré méjì wà lórí kíndìnrín, tí ń pèsè èròjà tí kì í jẹ́ kí ìfúnpá já wálẹ̀. Bí ènìyàn bá ti lo prednisolone pẹ́, wọn a dẹwọ́ iṣẹ́. Bí a bá wá dá oògùn dúró lójijì, wọn kò lè tají kíá. Aláìsàn lè dákú, ó sì lè kú. Díẹ̀díẹ̀ ni à ń dín in kù, lábẹ́ àṣẹ oníṣègùn.

Àbúrò mi yè é. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dákú, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ ránṣẹ́ pe oníṣègùn. Bí ó bá sì ti ń sọ̀rọ̀, ẹ bi í léèrè oògùn tí ó ń lò àti èyí tí ó pa tì. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi kò béèrè, àbúrò mi ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀mí dí i.