Arìngbẹ̀rẹ̀ Ni Yóò Mú Oyè Délé

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ìtìjú ni fún mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e mì, ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn yóò jìn sí kòtò tí èmi ti jìn sí.

Olùkọ́ ni mí ní Èjìgbò, ọmọ ọdún 52 sì ni mí. Ní ọjọ́ eré ìje ilé ẹ̀kọ́ wa ní ọdún tó kọjá, wọ́n ní kí àwọn olùkọ́ náà wá sáré. Mo rántí pé nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò sí ẹni tó lè bá mi sáré. Ni mo bá ká ṣòkòtò mi sókè. Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò tí ì dé ìdajì ọ̀nà tí èémí fi gé mi, tí ẹsẹ̀ mi lọ́, tí mo sì nà gbalaja sílẹ̀ níwájú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Ìṣirò. Kò sí ọmọ tó rẹ́rìn-ín lójú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ kíláàsì ní ọjọ́ Ajé, mo bá àwòrán ọkùnrin oníkùn ńlá kan lójú pátákó, ó dojú bolẹ̀ bí ẹni ń kí ọba.

Ìtìjú yìí ló lé mi jáde nílé ní ìdájí ọjọ́ kejì. Mo gba ọ̀nà Ìwó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Ní ọjọ́ kẹrin, orókún mi wú bí àgbọn. Àyà mi ń lù kì-kì-kì, mo sì jókòó sẹ́bàá ọ̀nà títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi wò mí lójú, ó ní, “Bàbá Fúnmi, ta lẹ ń bá du ìje ní òru? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ mí di opó.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì so nǹkan mọ́ mi lápá, ó wò ó, ó tún un wò. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi wà ní 160 lórí 100, pé bí ó bá ti dé 140 lórí 90, tí ó sì ń rí bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́, a ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Mo rántí ìyá mi. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló dá a dúbúlẹ̀ lórí ẹní fún ọdún mẹ́ta, èmi ni mo sì ń gbé e jókòó kí ó tó lè jẹun. Dókítà kọ oògùn fún mi, ó ní kí n dín iyọ̀ kù, kí n sì máa rìn.

Kí n máa rìn kẹ̀? Inú bí mi. Ọmọ tó ń kọ́ ìrìn ni wọ́n ń sọ fún pé kó máa rìn! Mo lo oògùn, ṣùgbọ́n n kò rìn. Bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, ọ̀kadà ni. Bí mo bá fẹ́ ra búrẹ́dì níwájú ilé, ọ̀kadà ni.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ń ta èlùbọ́. Ó ti lé ní 70 ọdún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sì fi ń lọ sí ọjà láràárọ̀. Ní ọjọ́ kan, ó bá mi níbi tí mo ti ń tiro lọ dúró de ọ̀kadà. Ó ní, “Tíṣà, wọ́n ní o máa ń sáré lóru. A kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Ṣé ìwọ lò ń lé ejò ni, àbí ejò ló ń lé ọ?”

Mo ní, “Ìyá, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń lé mi o.”

Ó ní, “Bí o bá wá ṣubú, ṣé yóò dúró dè ọ́ kí o dìde ni? Gbé ẹsẹ̀, kí o sìn mí dé ọjà.”

Mo sìn ín. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa iye tí wọ́n ń ta èlùbọ́, ó ń kí t’ọ̀tún t’òsì, èémí rẹ̀ kò sì yí padà. Èmi tí mo fẹ́ sáré bí ẹṣin, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn arúgbó! Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Kì í ṣe eré ni mo gbàgbé. Ìrìn gan-an ni n kò mọ̀ ọ́n rìn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, mo wo aago, mo rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mo sì yí padà sílé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni gbogbo rẹ̀, ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó tẹ̀lé e, mo ń fi ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta kún un. Bí orókún bá ń dùn mí, n kì í fi kún un rárá. Mo ń rìn kíá, bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níbì kan. Ìwọ̀n tí mo fi ń mọ̀ pé mo ń ṣe é dáadáa ni pé mo lè bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n n kò lè kọrin. Bí mo bá lè kọrin, mò ń fi falẹ̀ nìyẹn. Bí n kò bá lè sọ̀rọ̀, mo ti ki àṣejù bọ̀ ọ́.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá elélùbọ́ nìkan ni mo dì mú. Ní ọdún 1953, dókítà kan tí ń jẹ́ Jeremy Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n wo àwọn tó ń wa bọ́ọ̀sì alájà méjì, wọ́n sì wo àwọn kọ́ńdọ́ tó ń gba owó ọkọ̀. Wọ́n rí i pé àrùn ọkàn ń bá àwọn awakọ̀ jà ju àwọn kọ́ńdọ́ lọ. Orí ìjókòó ni awakọ̀ ń wà látàárọ̀, nígbà tí kọ́ńdọ́ ń gun àkàbà bọ́ọ̀sì sókè sódò. Kọ́ńdọ́ kò sá eré ìje kankan o. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń jókòó ti ọjà láti òwúrọ̀ di alẹ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa.

Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ ní ọdún 2020 pé kí àgbàlagbà máa lo ara fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, pé ìrìn kíákíá wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ márùn-ún ti dé 150. Ọmọ mi tó wà ní Àbíjàn, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò fi ṣe ilé, pè mí lórí fóònù pé àfi kí n rìn ní ìṣísẹ̀ 10,000 lóòjọ́. Àyà mi já. Ìgbà tí mo wádìí ni mo rí i pé orúkọ ẹ̀rọ kan tí ilé iṣẹ́ kan ń tà ní Japan ní ọdún 1965 ni iye náà ti wá, kì í ṣe àṣẹ dókítà. Ìwọ̀nba tí a bá rìn náà ń ṣe ara lóore.

Kì í sì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Ẹsẹ̀ ni àwọn Òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà fi ń kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa níbí, nígbà tí Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ gómìnà láàárín ọdún 2010 sí 2018, ètò ìrìn kan wà tí wọ́n ń pè ní Walk to Live, tí gómìnà fúnra rẹ̀ ń bá ará ìlú rìn. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Ẹnu mi wọhò báyìí.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nọ́ọ̀sì tún so nǹkan mọ́ mi lápá. Ó di 136 lórí 86. Inú mi dùn débi pé mo bèèrè bóyá kí n da oògùn nù. Ó ní, “Bàbá, oògùn àti ìrìn ló jọ ṣe é. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín lé ọ̀kan lọ.” Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá ní àìsàn lára, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí àyà bá ń dùn yín lójú ọ̀nà, tàbí tí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ dúró, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ kíá. Ẹ wọ bàtà tó rọ̀ tó sì gba ẹsẹ̀. Ìdájí ló dára, kí oòrùn tó mú, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ti mọ́ díẹ̀ kí awakọ̀ lè rí yín.

Ní ọdún yìí, wọ́n tún pè mí sí eré ìje àwọn olùkọ́. Mo ní rárá, okùn òpin eré ni n ó dì mú. Ó ṣeé ṣe kí n sáré lọ́dún tó ń bọ̀, nítorí mo ti ń fi ìṣẹ́jú kan eré pẹ̀lẹ́ sáàárín ìrìn mi, orókún kò sì tí ì bá mi jà. Bí kò bá sì ṣeé ṣe, kò sí láburú. Asúrétete kì í royè jẹ, arìngbẹ̀rẹ̀ ni yóò mú oyè délé. Oyè tí mò ń wá kò ju kí n má sùn lórí ẹní tí ìyá mi sùn lé lọ.

Ìyàwó mi ti ń bá mi rìn báyìí. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo fẹ́ dá ọ̀kadà dúró láti lọ ra epo fìtílà. Ó kàn wò mí ni, mo bá gbé ẹsẹ̀.